Eyín Tí Ó Ń Jẹ́rìí: Ìtàn Afárá Ẹnu àti Ìbéèrè Kan Láti Òkè-Afá

Ní oṣù tó kọjá, mo jókòó sórí àga gbọọrọ kan ní ilé-ìwòsàn eyín kan ní Òkè-Afá, ní agbègbè Ìsọlọ̀, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tí ń retí ìyá rẹ̀. Afárá tí wọ́n ṣe sí apá òsì ẹnu mi ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ, fi dígí kékeré yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín ṣe èyí? Ọdún wo ni? Irú irin wo ni wọ́n lò sí i?”

Mo rántí òpópónà tí ilé-ìwòsàn náà wà. Mo rántí iye tí mo san, nítorí pé owó náà dùn mí ju eyín lọ. Ṣùgbọ́n irú irin tí ó wà lẹ́nu ara mi, n kò mọ̀ ọ́n. Ilé-ìwòsàn tí ó ṣe é ti kógbá sílé, fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí fáìlì àwọn aláìsàn wọlẹ̀ sí. “Kò burú,” ni dókítà náà wí, “ẹ jẹ́ ká kọ tuntun.” Ó mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí ìwé kan tí wọ́n ya àwòrán eyín méjìlélọ́gbọ̀n sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, n kò wọ ọkọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí etí kànáàlì.

Ẹni tí ó bá ń gbé Èkó ní ọdún 2002 kò nílò kí n ṣàlàyé kànáàlì Òkè-Afá fún un, ṣùgbọ́n a ti bí àwọn tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì báyìí lẹ́yìn ọdún náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2002, ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, àwọn bọ́ǹbù inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sá gba ìhà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, wọ́n sì já sí etí kànáàlì nínú òkùnkùn. Ewéko ojú omi ti bo gbogbo ojú kànáàlì náà, ó sì jọ ilẹ̀ tí a lè tẹ̀ lójú ẹni tí ń sá àsálà. Àwọn tí ó wà níwájú kò rí omi, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò dẹ́kun títì. Àwọn tí ó kú ní Èkó nítorí ìjàǹbá ọjọ́ náà lé ní 1,000, inú omi yìí ni púpọ̀ nínú wọn kú sí, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ láàrin wọn.

Ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ni mí nígbà náà, wọ́n sì rán mi lọ síbẹ̀. Ohun tí mo rí ni bí àwọn ará ilé ṣe ń wá ènìyàn wọn láàrin òkú tí a tẹ́ sílẹ̀. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ojú kò bá ṣeé dá mọ̀ mọ́, nítorí pé omi kì í fi ojú ẹni sílẹ̀ bí ó ṣe wà, wọn a wo aṣọ. Bí kò bá sí aṣọ, wọn a wo ìlà ojú, àpá, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun mìíràn láti wò. Àwọn tí a kò rí ẹni dá wọn mọ̀ ni wọ́n sin pa pọ̀ sí etí kànáàlì náà, níbi tí ìjọba ti kọ́ ohun ìrántí sí lónìí.

Ìbéèrè dókítà náà ló mú gbogbo èyí padà wá. Ta ló bá yín ṣe èyí? Ọdún wo? N kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé ohun tí wọ́n lẹ̀ sí mi lẹ́nu lè jẹ́ ìwé ìdánimọ̀.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń pè ní afárá. Bí eyín kan bá ká, a kò lè sọ pé àlàfo lásán ni ó fi sílẹ̀. Èéjí tí Ọlọ́run dá mọ́ni, tí àwọn baba wa fi ń yin arẹwà, ọ̀tọ̀ ni; àlàfo tí akokoro tàbí ìjàǹbá okadà fi sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ àlàfo náà á máa wọ́ sínú rẹ̀, eyín tí ó kọjú sí i lókè tàbí nísàlẹ̀ á máa gùn jáde láti wá ohun tí ó máa bá pàdé, egungun tí ó gbé eyín tó ká dúró á sì máa fọ́n. Afárá ni wọ́n fi ń dí i. Dókítà á fá eyín méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì àlàfo náà, á sọ wọ́n di òpó, á fi ohun rírọ̀ kan tẹ àwòrán ẹnu, á sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń rọ eyín. Wọn á rọ fìlà méjì fún òpó méjèèjì, wọn á so eyín kan tí kò ní gbòǹgbò mọ́ àárín wọn, gbogbo rẹ̀ á wá di ẹyọ kan ṣoṣo. Símẹ́ńtì eyín ni wọn á fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń yọ sínú ife omi lálẹ́. Nítorí náà, kò sí afárá ẹnu méjì tí ó jọra, àfi bí ẹnu méjì bá lè jọra.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 2,600 sẹ́yìn, àwọn ará Etruria, ní apá ilẹ̀ tí à ń pè ní Ítálì lónìí, ń fi ọ̀já wúrà pẹlẹbẹ di eyín mú, wọn á kan eyín àtọwọ́dá mọ́ àárín ọ̀já náà, wọn á sì fi í so mọ́ àwọn eyín tó ṣẹ́kù. A rí i nínú sàréè wọn. Ní Sídónì, ní etí òkun Lẹ́bánónì, wọ́n rí egungun àgbọ̀n tí a fi okùn wúrà tín-ín-rín so eyín rẹ̀ pọ̀. Àwọn tí ó ṣèwádìí iṣẹ́ àwọn ará Etruria sọ pé àwọn obìnrin ọlọ́lá ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ń lò ó, wúrà náà sì hàn gbangba bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá mọ àwọn ìyá wa tí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà kò ní yà á lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n òfin àwọn ará Róòmù ni ó wù mí jù. Nínú Òfin Wàláà Méjìlá, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 450 kí a tó bí Jésù, wọ́n ka kíkó wúrà pọ̀ mọ́ òkú léèwọ̀, kí àwọn olówó má baà máa fi ọrọ̀ ṣe fáàrí nídìí sàréè. Ẹyọ ohun kan ni wọ́n yọ sílẹ̀: ẹni tí a bá fi wúrà so eyín rẹ̀, kí a sin ín pẹ̀lú rẹ̀, kò lẹ́ṣẹ̀. Àwọn aṣòfin ìgbà náà ti gbà pé wúrà inú ẹnu kì í ṣe ẹrù mọ́, ara olúwarẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ eyín tí ó jẹ́rìí òkú gan-an, Amẹ́ríkà ni a ti rí èyí tí ó lókìkí jù. Ní ọjọ́ 17 oṣù Òkúdù, ọdún 1775, wọ́n pa dókítà kan tí ń jẹ́ Joseph Warren sójú ogun Bunker Hill, nítòsí Boston. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sin ín síbẹ̀ láìsí àmì. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Boston ní ọdún 1776, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ hú òkú. Oṣù mẹ́wàá ti kọjá, kò sí ojú tí ẹnikẹ́ni lè dá mọ̀. Alágbẹ̀dẹ fàdákà kan, Paul Revere, wà láàrin wọn. Òun ni ó ti bá Warren fi wáyà so eyín àtọwọ́dá sẹ́nu ṣáájú ogun. Ó wo ẹnu òkú náà, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì sọ pé òun nìyí. Wọ́n gbé e lọ sin pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ọmọ ìlú kan náà pẹ̀lú wọn ni George Washington, tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó búra wọlé ní ọdún 1789, eyín tirẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. Eyín erinmi, irin àti eyín ènìyàn ni wọ́n fi ṣe àwọn tí ó ń lò. Nínú ìwé ìṣirò owó ilé rẹ̀ ní ọdún 1784, a rí i pé wọ́n san pọ́n-ùn 6 àti ṣílè 2 fún àwọn Adúláwọ̀ nítorí eyín 9. Àwọn ẹrú tí àwọn baba wọn ti Áfíríkà wá ni. Bóyá ẹnu Washington ni àwọn eyín 9 náà lọ, kò sí àrídájú. Iye eyín wà nínú ìwé, iye owó wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tí wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni kò sí. N kò lè ka ìtàn Warren mọ́ báyìí kí n má rántí èkejì yìí.

Títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lílù àti jíjó pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe fìlà eyín, bí a ti ń jó páànù. Ohun tí ó yí iṣẹ́ náà padà ni ọgbọ́n kan tí William Taggart, dókítà eyín ní Illinois, gbé síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1907. Ó fi ìda mọ àwòrán ohun tí ó fẹ́ rọ, ó fi ohun tí ń gan bí amọ̀ bò ó, ó yan án títí ìda fi yọ́ dànù, ó sì rọ wúrà yíyọ́ sínú àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ iṣẹ́ yìí? Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn baba wa fi rọ àwọn orí idẹ tí àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938, tí àwọn onímọ̀ sì gbà pé wọ́n ti wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí Taggart tó dáyé. N kò sọ pé Ifẹ̀ ni Taggart ti jí i. Àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló mọ ìda yíyọ́ láti ìgbà àtijọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí mo kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń mọ ìda afárá eyín, tí ọ̀dọ́kùnrin kan ń fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ni ọkàn mi lọ.

Láti ìgbà Taggart, iṣẹ́ náà ń tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1962, wọ́n gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà tí tánganran fi ń lẹ̀ mọ́ irin láìfọ́, afárá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ eyín gidi. Ní ọdún 1965, ní Sweden, Per-Ingvar Brånemark kan ìdè titanium mọ́ egungun àgbọ̀n ọkùnrin kan, tí a kò fi nílò láti fá eyín ẹ̀gbẹ́ mọ́ bí a bá lówó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ “bí a bá lówó rẹ̀” yìí kò kéré o.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, eyín Mẹ́kà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ mọ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn alálàájì wa ti ń lọ fi fìlà wúrà dé eyín kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá, kí gbogbo ayé lè mọ̀ bí wọ́n bá dé pé wọ́n ti dé Káábà. Fìlà ni, kì í ṣe afárá. Eyín tí ara rẹ̀ dá ṣáká ni wọ́n sì ń fá nígbà mìíràn nítorí fáàrí, èyí tí n kò lè yìn. Àwọn àlùfáà pẹ̀lú ti bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà kan náà mọ ìtàn Arfajah, ẹni tí wọ́n gé nímú lójú ogun Kulab. Ó fi fàdákà ṣe imú, ó ń rùn, Ànábì Muhammad sì ní kí ó fi wúrà ṣe é. Ìtàn yìí ni àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù fi gbà pé ẹni tí eyín rẹ̀ mì tàbí tí ó ká lè fi wúrà dì í. Ohun tí ó wà fún àtúnṣe ni wọ́n yọ sílẹ̀, bí àwọn ará Róòmù ti ṣe.

Ní ti ẹ̀kọ́ àwọn dókítà eyín, Yunifásítì Èkó ni ó kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1966, ní Ìdí-Àràbà. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní ọdún 1975. Nítorí náà, kò tíì tó ọgọ́ta ọdún lé díẹ̀ tí a ti ń kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ yìí nílé. Àmọ́ ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà eyín èyíkéyìí ní Ìsọlọ̀ tàbí Òṣòdì ohun tí àwọn ènìyàn ń bá wá: “Ẹ bá mi yọ ọ́.” Yíyọ ló rọrùn fún àpò. Ẹni tí ó bá gbìyànjú díẹ̀ á gba eyín alápàpà tí a ń yọ wọlé yọ jáde. Àwọn mìíràn á lọ bá ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́, tí yóò fi ohun líle kan lẹ eyín àtọwọ́dá mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí erìgì á fi rà. Afárá gidi gba owó, ó gba ìpàdé dókítà bíi mélòó kan, ó sì ń béèrè pé kí a máa fọ abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó tó lè pé ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó kù wá kù jù kì í ṣe owó nìkan. Fáìlì ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2004, òkun ya bo etí ilẹ̀ Thailand àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Òòrùn àti omi ba òkú jẹ́ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Eyín ni wọ́n fi dá èyí tí ó pọ̀ jù mọ̀ nínú àwọn àlejò tí ó ti Yúróòpù wá ṣe fàájì, nítorí pé dókítà eyín wọn nílé ní àwòrán àti àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ṣòro jù láti fi eyín dá mọ̀. Ní Sweden àti ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n tilẹ̀ ń kọ àmì olówó eyín sára eyín àtọwọ́dá tí ó ṣeé yọ.

Àwa náà ti rí i lẹ́yìn Òkè-Afá. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Dana já lulẹ̀ ní Ìjú-Ìṣàgá ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù, ọdún 2012, tí gbogbo ènìyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé àyẹ̀wò DNA lọ, àwọn ẹbí sì dúró pẹ́ kí wọ́n tó gba òkú wọn. Ní ọdún 2017, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò DNA nílò owó àti ẹ̀rọ. Ìwé tí dókítà mi fi bírò sàmì sí kò nílò ju pé kí ẹnì kan tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò kò ti ní pa á, kí ó má sì bá ilé-ìwòsàn kógbá lọ.

N kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí gbogbo ilé-ìwòsàn eyín ní Èkó bá ti ń tọ́jú fáìlì dáadáa ní ọdún 2002, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kànáàlì yẹn ì bá ṣì jẹ́ aláìlórúkọ. Ọmọdé ni wọ́n. Ẹlòmíràn nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàrọ̀ eyín ni. Kò sí afárá lẹ́nu wọn, kò sí dókítà eyín tí ó rí wọn rí. Àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ni irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ì bá ti wúlò fún, bóyá ìyá kan tí ó ní eyín Mẹ́kà, bóyá bàbá kan tí wọ́n ti rọ eyín fún nígbà kan. Ní ọjọ́ tí mo wà níbẹ̀, n kò rí ẹnikẹ́ni tí ó la ẹnu òkú wò. Èmi náà kò rò ó.

Wọ́n ti tún afárá mi ṣe. Irin inú rẹ̀, nickel àti chromium ni, tánganran sì wà lójú rẹ̀. Mo béèrè lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà ìwé náà, dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì rí aláìsàn tí ó béèrè fún un. Mo kó o sínú àpò tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìbí àwọn ọmọ wà. Nígbà tí ìyàwó mi rí i, ó bi mí pé kí ni àwòrán eyín ń wá láàrin ìwé ilẹ̀, mo sì sọ fún un pé etí kànáàlì ni mo ti ń bọ̀.